Ẹ Wá Gbọ́ Fèrè Ná

Bí ẹnì kan bá bi mí pé, "Irú orin wo ni kí n máa gbọ́?" mi ò ní dárúkọ orin tó ń jà ràn-ìn lórí fóònù lọ́wọ́lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tí kò mọ ìyẹn. Orin mẹ́ta tó jẹ́ ọmọ ìyá ni n óò dárúkọ: orin bẹ́ǹdì onífèrè idẹ, orin sóòlù àti orin fọ́ǹkì. Ọ̀pọ̀ akẹgbẹ́ mi máa ń sọ pé orin àwọn bàbá wa nìyẹn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ bíi tiwa wà lára àwọn tí kò jẹ́ kí orin fèrè kú.

Ìlú New Orleans, ní ìpínlẹ̀ Louisiana ní Amẹ́ríkà, ni mo máa ń ní kí ènìyàn ti bẹ̀rẹ̀. Láyé oko ẹrú, àwọn ọmọ Áfíríkà máa ń péjọ lọ́jọ́ Àìkú ní gbàgede kan tí wọ́n ń pè ní Congo Square, wọn a máa lùlù, wọn a sì máa jó. Nígbà tó yá, àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú náà mú fèrè idẹ tí àwọn ológun ń fun, wọ́n fi ohùn tiwọn sí i. Bí ènìyàn bá kú, bẹ́ǹdì yóò fi orin ìyìn tó rọra ń lọ sin ín dé itẹ́. Bí ètò ìsìnkú bá ti parí, ìlù yóò yí padà, fèrè yóò gbóná, àwọn ará àdúgbò yóò sì tẹ̀ lé wọn, wọn yóò máa fi agboòrùn jó.

Èyí kò ṣàjèjì sí wa. Nígbà tí bàbá bàbá mi kú, bẹ́ǹdì ló ṣíwájú pósí. Omi wà lójú mi, ẹsẹ̀ mi sì ń jó. Ọ̀kan nínú àwọn àǹtí mi bínú pé báwo la ṣe lè máa jó níwájú òkú. Màmá àgbà dá a lóhùn pé, "Òkú ọ̀fọ̀ kọ́ lèyí. Ẹni ọmọ sin ló bímọ." Ọdún púpọ̀ lẹ́yìn náà, nígbà tí mo gbọ́ orin New Orleans, ọ̀rọ̀ yẹn tún wá sí mi lọ́kàn. Ijó náà kò pa ẹkún rẹ́; ó kàn bá a rìn ni.

Síbẹ̀, orin yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ kú rí. Ní nǹkan bí ọdún 1970, àwọn afunfèrè New Orleans ti ń darúgbó, àwọn ọ̀dọ́ kò sì yà sí i. Àgbà olórin kan, Danny Barker, ló kó àwọn ọmọdé jọ ní ìjọ Fairview Baptist láti dá bẹ́ǹdì sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló di gbajúmọ̀ olórin. Ní 1983, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní àdúgbò Tremé dá Rebirth Brass Band sílẹ̀. Phil Frazier, Keith ọmọ ìyá rẹ̀, àti Kermit Ruffins wà lára wọn. Ní 2012, ẹgbẹ́ náà gba àmì-ẹ̀yẹ Grammy.

Bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ wọn, ẹ gbọ́ orin kan náà lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀kíní, ẹ tẹ̀ lé fèrè gàgàrà tí wọ́n ń gbé kọ́ èjìká, tó ń dún wúwo nísàlẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, ẹ tẹ́tí sí ìlù. Lẹ́ẹ̀kẹta ni kí ẹ wá gbọ́ bí trumpet ṣe ń lé orin, tí trombone sì ń gbè é.

Ní ti sóòlù, inú ṣọ́ọ̀ṣì ni gbòǹgbò rẹ̀ wà. Ọmọ pásítọ̀ ni Aretha Franklin. Ṣọ́ọ̀ṣì bàbá rẹ̀ ní Detroit ló ti ń kọrin láti kékeré. Otis Redding ló kọ "Respect", tó sì gbé e jáde ní 1965. Nígbà tí Aretha gbé e jáde ní 1967, ó di ohùn obìnrin tó ń béèrè pé kí wọ́n bọ̀wọ̀ fún òun. Ẹ gbọ́ méjèèjì tẹ̀ léra. Ìyá mi, tí kì í fẹ́ gbọ́ orin tí kì í ṣe ti ìjọ, gbọ́ Aretha, ó ní, "Ọmọ kúáyà lèyí." Ó sì ní kí n tún un fi sí i.

James Brown ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ fọ́ǹkì. Ẹ gbọ́ "Cold Sweat" tó jáde ní 1967, kí ẹ máa ka 1, 2, 3, 4. Èkínní ni gbogbo wọn máa ń tẹ̀ mọ́lẹ̀. Gìtá ń tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ kékeré kan náà, bí omele ṣe máa ń ṣe kí ìyáàlù lè ráyè fọhùn. James Brown wá sí Nàìjíríà ní 1970. Fela Kuti náà da fọ́ǹkì pọ̀ mọ́ highlife, jazz àti ìlù ilẹ̀ wa, ó sọ ọ́ di Afrobeat. Ẹni tó bá ti ń gbọ́ Fela ti dé ẹnu ọ̀nà fọ́ǹkì.

Ìdí pàtàkì wà tí mo fi ń polówó orin yìí. Àwa mẹ́rin péré ló kù nínú ẹgbẹ́ afunfèrè ilé ẹ̀kọ́ wa, méjì nínú wa yóò sì jáde lọ́dún yìí. Fèrè márùn-ún wà nínú yàrá ìkẹ́rùsí tí kò sẹ́ni tó ń fun wọ́n. Àwọn òbí kan ní fèrè yóò dí ọmọ lọ́wọ́ ìwé. Èmi tí mò ń fun trombone rí i pé ẹni tó bá fẹ́ fun fèrè gbọ́dọ̀ mọ bí a ti ń kà á, bí a ti ń dákẹ́ nígbà tí kò bá kàn wá, àti bí a ti ń tún ohun kan ṣe títí yóò fi gún. Ẹ̀kọ́ tí ìwé náà ń fẹ́ nìyẹn. Ẹnì kan kò sì lè dá ṣe bẹ́ǹdì. Àìrìnpọ̀ ejò ní í jẹ ejò níyà.

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan péré gbọ́ orin mẹ́ta yìí. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ jẹ́ ká máa gbọ́ wọn ní kíláàsì orin. Ẹ̀yin òbí wa, bí ọmọ yín bá ní òun fẹ́ fun fèrè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara da ariwo oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Mo mọ̀ pé kì í dùn létí. Ṣùgbọ́n bí a kò bá kọ́ ọmọ kankan, ta ni yóò fun fèrè nígbà tí ayẹyẹ bá tún dé ilé wa?