Ìlera Ológbò Ṣáájú Ẹwà Rẹ̀

Bí ológbò bá gba iwájú ilé kọjá ní Òkè-Ìlá níhìn-ín, òkò ló sábà máa ń bá pàdé. Bó bá ké lóru, àwọn kan á ní àjẹ́ ni. Bẹ́ẹ̀ inú ilé tí wọ́n ti ń lé e yìí gan-an ni èkúté ti ń lu àpò gàrí. Láàárín irú èrò bẹ́ẹ̀ ni mo ti ń sin ológbò Siam, ẹ̀yà tó ṣẹ̀ wá láti ilẹ̀ Táìláńdì, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ dé ọkàn.

Oyún ológbò sábà máa ń gba nǹkan bí ọjọ́ 65. Bí abo tèmi bá bímọ, funfun báláú ni gbogbo ọmọ náà. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé akọ ìta ló gùn ún. Bí ọ̀sẹ̀ bá ti ń gorí ọ̀sẹ̀, imú àti etí á bẹ̀rẹ̀ sí í dú, ẹsẹ̀ àti ìrù náà á tẹ̀lé e. Èròjà tó ń pa irun wọn láró kì í ṣiṣẹ́ níbi tí ara bá ti gbóná. Inú ìyá gbóná, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wáyé ní funfun. Etí, imú, ẹsẹ̀ àti ìrù ló tutù jù lára wọn, ibẹ̀ ni dúdú ń mú. Ìdí nìyẹn tí èyí tó dàgbà nínú ooru fi sábà máa ń mọ́ lára ju ti ìlú òtútù lọ.

Irú àwọ̀ báyìí wà lára ohun tí adájọ́ ń wò níbi ìdíje ológbò. Ní ọjọ́ 13 oṣù Keje, ọdún 1871, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Harrison Weir ṣètò ìfihàn ológbò ńlá kan ní Crystal Palace ní Lọ́ńdọ̀nù, kí àwọn èèyàn lè mọyì ẹranko tí wọ́n ń tẹ́ńbẹ́lú. Nígbà tí wọ́n dá ẹgbẹ́ National Cat Club sílẹ̀ ní 1887, òun ni wọ́n fi ṣe ààrẹ. Nígbà tó yá, ó fi ipò náà sílẹ̀, torí ó rí i pé ẹ̀bùn ni ọ̀pọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ ń lé, ire ológbò kò jẹ wọ́n lógún.

Ohun tó bà á nínú jẹ́ yẹn ni mo ń ṣọ́ra fún. Mo ní ìwé tí mo ń kọ òbí àti òbí àgbà ológbò kọ̀ọ̀kan sí, torí bí ẹ̀gbọ́n bá gun àbúrò, àìsàn tó fara pamọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ wọn lè yọjú lára ọmọ. Lílé ẹwà náà léwu. Ẹ wo ẹ̀yà Scottish Fold, tí ìran rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ológbò kan tó ń jẹ́ Susie ní Skọ́tíláǹdì ní 1961: ohun tó ká etí rẹ̀ kò náà ló ń ba oríkèé ara rẹ̀ jẹ́. Ọ̀pọ̀ ológbò Pásíà tí wọ́n sọ ojú wọn di pẹlẹbẹ ni mímí ń nira fún.

Ìfihàn tèmi kò ní ife ẹ̀yẹ. Nírọ̀lẹ́, mo máa ń gbé ìyá ológbò sórí itan níwájú ilé, kí àwọn ọmọ àdúgbò wá fọwọ́ pa á láti orí lọ sí ẹ̀yìn. Ìyá àgbà kan tó máa ń lé ológbò tẹ́lẹ̀ ti ní kí n bá òun tọ́jú ọmọ kan.

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ ra ológbò tó jẹ́ ẹ̀yà pàtó, ẹ béèrè ìwé ìran rẹ̀. Ẹ fetí sí bó ṣe ń mí. Ẹ rí i pé dókítà ẹranko gún un lábẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi. Ẹ má sì gba ọmọ tí wọn kò tíì já lẹ́nu ọmú, bó ti wù kó lẹ́wà tó.