Ohùn Bàbá Nínú Tépù Àtijọ́

Nínú ọ̀pọ̀ ilé wa ní Òmù-Àrán, Èsìẹ́ àti agbègbè wọn, tépù rẹ́kọ́dà àtijọ́ kan ṣì wà lórí àjà tàbí lábẹ́ ibùsùn, tí àwọn ọmọ ń sọ pé kí a gbé dànù. Kí ẹ tó gbà fún wọn, ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe sí tiwa.

Kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló kù tí ohùn bàbá mi wà nínú rẹ̀. Ní ojú kìíní, wọ́n ń ki ẹsẹ Ifá níbi ọdún Ifá, pẹ̀lú agogo. Ní ojú kejì, ìyá mi ń ki oríkì ìdílé wa. Àwọn méjèèjì ti lọ sí ibi tí àgbà ń rè.

Ẹ wo àwọn ère òkúta Èsìẹ́, tí wọ́n lé ní 800. Ní 1945 ni wọ́n kọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé fún wọn, òun sì ni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. A ń rí ojú wọn, a ń rí irun orí wọn, àmọ́ ta ló mọ bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn láàárọ̀? Òkúta tọ́jú ojú, kò tọ́jú ohùn. Sàlàkọ́ ará Ọ̀yọ́ ní oríire tirẹ̀: ní 1951, William Bascom láti Amẹ́ríkà gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe ń ki ẹsẹ ẹẹ́rìndínlógún, ìwé rẹ̀ sì jáde ní 1980. Tiwa, kásẹ́ẹ̀tì yẹn nìkan ni.

Mo kọ́kọ́ fi òwú àti sípírítì nu orí ẹ̀rọ tó ń ka tépù. Rọ́bà tó ń yí i ti rọ̀, mo pààrọ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ rọ́bà yìí kì í ṣe kékeré fún àwa Yorùbá. Bí tépù bá ń sáré, tó tún ń falẹ̀, ohùn á máa gòkè, á máa sọ̀ kalẹ̀, ẹni tó ń gbọ́ á wá máa rò ó bóyá ọkọ ni, ọkọ́ ni, àbí ọkọ̀. Ṣé ẹsẹ Ifá là bá fi ṣe irú eré bẹ́ẹ̀?

Ihò kékeré kan wà lẹ́yìn mọ́tò, síkúrù tó ń mú un yára tàbí kó falẹ̀ wà nínú rẹ̀. Báwo ni mo ṣe mọ ibi tí mo máa dúró? Agogo tí wọ́n lù lọ́jọ́ náà ṣì wà nílé. Ohùn irin kì í darúgbó. Ọmọ mi ń lù ú, èmi ń yí síkúrù díẹ̀díẹ̀, títí agogo inú tépù àti tọwọ́ rẹ̀ fi bá ara wọn mu. Ìgbà náà ni ohùn bàbá mi padà sí ti bàbá mi.

Lẹ́yìn náà, mo yọ mágnẹ́ẹ̀tì tó ń pa ohùn rẹ́, mo yọ bọ́tìnnì pupa pẹ̀lú. Mo mọ ilé kan tí ọmọdé ti tẹ bọ́tìnnì yẹn. Orin fújì ló kù níbi tí oríkì wà. Tiwa ò lè gba nǹkan sílẹ̀ mọ́, kíkà nìkan ló ń kà. Bí ẹ ò bá fẹ́ tú ẹ̀rọ, ẹ ṣẹ́ etí ike méjì tó wà lẹ́yìn kásẹ́ẹ̀tì.

Fóònù tí a gbé síwájú ẹ̀rọ ń gbọ́ ewúrẹ́ àti jẹnẹrétọ̀ ju Bàbá lọ. Nítorí náà, mo fi òjé lẹ wáyà mọ́ ibi tí ohùn ti ń wọ bọ́tìnnì tó ń gbé e sókè, mo fi rẹ̀sítọ̀ sí i kí agbára rẹ̀ má pọ̀ jù, kó lè wọ fóònù tààrà.

Ibẹ̀ ni àbúrò bàbá mi ti dá mi dúró. Wọ́n ní, "Ohun tí a sọ nílé awo, ṣé fóònù ni yóò máa gbé e kiri ọjà?"

Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní kí wọ́n ṣètò rẹ̀. Wọ́n pe awo méjì sí i, wọ́n jókòó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ohun tó jẹ́ ti awo, wọ́n ní kó máa gbé inú kásẹ́ẹ̀tì. Nǹkan bíi ìṣẹ́jú 6 ni. Ìyókù àti oríkì ìyá mi wọ fóònù. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Ìlọrin àti Èkó ti ń kì í tẹ̀ lé ìyá ńlá wọn báyìí.

Ẹ wo abẹ́ ibùsùn yín. Ẹ pe àgbà kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì kankan. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.