Ọkọ̀ alágbára, táyà wo? 🧵

1/ Ẹ fìdí kalẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀. Ibi tí táyà kọ̀ọ̀kan ti ń kan ilẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ èèyàn lọ. Àtẹ́lẹwọ́ mẹ́rin péré ni gbogbo mọ́tò dúró lé. Agbára ẹ́ńjìnnì, bíréèkì, kọ́nà tẹ́ ẹ fẹ́ yà, ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ ń gbà kọjá. Síbẹ̀, táyà gan-an la máa ń fẹ́ rà ní pọ́ọ́kú.

2/ Bọ̀dá mi ní BMW 335i ti ọdún 2008. Ẹ́ńjìnnì lítà 3, tọ́bò méjì, agbára ẹṣin 306. Èkó ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, Ìbàdàn ni ìyàwó wọn àtàwọn ọmọ méjèèjì wà. Bó bá ti di ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, màrosẹ̀ yá. Bí iléèwé bá gba ìsinmi, mọ́tò yìí náà ló ń kó àwọn ọmọ wá s'Ékòó. Nígbà tí táyà jẹ tán, wọ́n pè mí: "Ìwọ tó o máa ń ka gbogbo nǹkan kiri yìí, wá bá mi wo èyí tí mo máa rà."

3/ Ẹ lọ wo ẹ̀gbẹ́ táyà yín, gbogbo ìtàn ẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ti ẹ̀yìn mọ́tò bọ̀dá mi: 255/35 R18 90Y.
255 ni bó ṣe fẹ̀ tó ní mìlímítà.
35: gíga ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ jẹ́ ìdá 35 nínú 100 fífẹ̀ ẹ̀.
18 ni ríìmù ẹ̀, ní íǹṣì.
90 ni ẹrù tó lè gbé: 600 kílò lórí táyà kan.
Y ni eré tó lè gbà: 300 kìlómítà ní wákàtí kan.
Ti iwájú kéré sí i: 225/40 R18 88Y, 560 kílò. Iwájú àti ẹ̀yìn ò bára mu, nítorí náà ẹ ò lè pààrọ̀ wọn síra kí wọ́n lè jọ jẹ dọ́gba.

4/ Oníṣòwò àkọ́kọ́ tá a bá l'ọ́jà gbé èyí tó ní T jáde. T jẹ́ 190. Ó ní, "Ọ̀gá mi, ta ló fẹ́ sá 300 l'Èkó? Nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ yìí?" Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín, bọ̀dá náà rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà ò kúkú parọ́. Àwọn FRSC ò gbà kí mọ́tò ayọ́kẹ́lẹ́ ju 100 lọ lórí màrosẹ̀.

5/ Ṣùgbọ́n lẹ́tà yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré nìkan o. Ọ̀rọ̀ ooru ni. Kí táyà tó gba Y, wọ́n ti yí i lórí ẹ̀rọ títí ara ẹ̀ fi gbóná, kò sì tú ká. 335i ń ti ìdúró dé 100 kí ìṣẹ́jú àáyá 6 tó pé, táyà ẹ̀yìn nìkan ló sì ń gbé gbogbo agbára yẹn kalẹ̀. Ẹ wá fi oòrùn ọ̀sán kún un, ọ̀dà tó ń jó bí àdògán, èèyàn mẹ́rin nínú mọ́tò, àpò gààrí nínú búùtù. Tí atẹ́gùn ò bá tún pé, ẹ̀gbẹ́ táyà á máa tẹ̀, á máa ná, ooru á máa pọ̀ sí i. Bí táyà ṣe ń bẹ́ nìyẹn.

6/ Ohun kejì: ọjọ́ orí. Ẹ wá DOT lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, kẹ́ ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn ẹ̀. 2317 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2017. Nígbà míì, ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sínú ló máa ń wà, ẹ tẹ̀ ba kẹ́ ẹ wò ó. Tòkunbọ̀ tí wọ́n gbé fún wa ń dán bíi bàtà ọkọ ìyàwó, ojú ẹ̀ ṣì jinlẹ̀ dáadáa. Mo nu ẹ̀gbẹ́ ẹ̀: 1114. Ọdún 2014! Mo fi ìka tẹ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, mo rí i tó sán wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹsẹ̀ ìgbà ọyẹ́. Rọ́bà ń gbó bí wọn ò tiẹ̀ lò ó. Oòrùn àti atẹ́gùn ń jẹ ẹ́ láti inú.

7/ Ẹ rántí Paul Walker ti Fast & Furious. Ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá 2013, ní California, inú Porsche Carrera GT, agbára ẹṣin tó lé ní 600, lòun àti Roger Rodas tó ń wa ọkọ̀ náà kú sí. Àwọn agbófinró tó ṣèwádìí ní eré àsápajúdé ló fà á. Wọ́n tún sọ pé táyà mọ́tò náà ti pé ọdún mẹ́sàn-án. Ẹ ò rí i pé mọ́tò olówó iyebíye náà lè dúró lórí rọ́bà tó ti gbó.

8/ Tòkunbọ̀ kejì tí wọ́n gbé wá ní àmì òkè onísóńsó mẹ́ta, tí yìnyín wà láàárín ẹ̀. Táyà ìgbà òtútù nìyẹn! Ìlú tí yìnyín ti ń bọ́ ni wọ́n ṣe é fún. Rọ́bà ẹ̀ rọ̀ kó má bàa gan nínú òtútù. L'Èkó, á rọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, á jẹ kíákíá, mọ́tò á sì pẹ́ kó tó dúró tẹ́ ẹ bá tẹ bíréèkì. Tẹ́ ẹ bá rí àmì yẹn, ẹ dá a padà jàre.

9/ Ìgbà kan wà tá à ń ṣe táyà nílẹ̀ yìí. Michelin wà ní Port Harcourt, Dunlop wà n'Íkẹjà. Michelin ti tiwọn pa ní 2007, Dunlop dáwọ́ ṣíṣe táyà dúró ní 2008. Kọ́sítọ́ọ̀mù sì ti kọ táyà àlòkù mọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kó wọlé. Ẹ dé ọjà lọ́la, kẹ́ ẹ wò ó bóyá òfin yẹn mọ̀nà ọjà.

10/ Ọ̀rọ̀ run-flat wá kù. Irú táyà tí BMW ń fi sí i nìyẹn. Bí atẹ́gùn bá lọ tán, ẹ ṣì lè wa mọ́tò náà bíi kìlómítà 80, kẹ́ ẹ má ju 80 lọ. Nítorí ẹ̀ ni ò fi sí sípíà nínú búùtù. Ó dáa lóru tó bá jò níbi tí kò sí ilé. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ le gbagidi. Tẹ́ ẹ bá já sínú gálọ́pù, ríìmù ló ń gba gbogbo ẹ̀ sára. Méjì ti là mọ́ bọ̀dá mi lọ́wọ́.

11/ Ibi tọ́rọ̀ ti wá le nìyí. Owó tó wà lọ́wọ́ bọ̀dá tó ra Y tuntun méjì péré fún ẹsẹ̀ 18. Wọ́n ní: "Ká fi tuntun méjì sẹ́yìn níbi tí agbára wà, ká fi tòkunbọ̀ méjì síwájú ná."

Mo ní: "Bọ̀dá mi, ẹ má bínú. Tẹ́ ẹ bá tẹ bíréèkì, iwájú ni mọ́tò ń tẹ̀ sí. Iwájú náà ló ń yà ní kọ́nà. Ẹ̀yìn lè máa tì yín lọ, iwájú ló máa dá yín dúró."

Wọ́n ní mo ti ń kàwé jù.

12/ Mo wá sọ ọ̀nà kejì. BMW fúnra ẹ̀ ta 335i pẹ̀lú ẹsẹ̀ 17, 225/45 R17, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba. Ẹ̀gbẹ́ táyà á ga sí i, gálọ́pù ò ní máa kan ríìmù tààrà. Iye ẹ̀ kéré. Ẹ lè yí iwájú sẹ́yìn. Tẹ́ ẹ bá ta ríìmù 18 yẹn, owó mẹ́rin tuntun á pé.

Bọ̀dá mi dákẹ́. "Ẹsẹ̀ 18 ló jẹ́ kí mọ́tò yẹn rí bó ṣe rí."

Mo mọ̀. Mo mọ iye ọdún tí wọ́n fi tu owó mọ́tò yẹn jọ. Èèyàn ò ní ra ẹṣin kó má fẹ́ kí aráyé rí i lórí ẹ̀.

13/ Ìyàwó wọn ló parí ẹjọ́ náà lórí fóònù. Wọn ò bá wa sọ íǹṣì, wọn ò bá wa sọ lẹ́tà. Wọ́n kàn ní: "Dádì àwọn ọmọ, ọmọ wo lẹ fẹ́ kó jókòó sórí tòkunbọ̀?"

Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín.

14/ A ra mẹ́rin tuntun, 17, lẹ́tà W, ìyẹn 270. Run-flat kọ́, nítorí náà a ra ìkarùn-ún tó bá wọn mu sínú búùtù, àti jáàkì. Ọjọ́ orí wọn ò tíì pé ọdún kan. Wọ́n bá wa tò wọ́n, wọ́n ṣe alignment. Ṣé mọ́tò náà yàtọ̀? Ó yàtọ̀. Títíárìn ò mú ṣáṣá bíi tàtijọ́, bọ̀dá sì ń ráhùn títí dòní pé ẹsẹ̀ ẹ̀ tín-ín-rín. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Ṣùgbọ́n nínú òjò oṣù keje, kòtò ojú táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń pọn omi dànù, mọ́tò ò sì léfòó.

15/ Àwọn àgbà ní bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara ẹ̀. Agbára ẹṣin 306 ò lè di ọ̀nà mú fúnra ẹ̀. Bí owó ò bá tó táyà tó yẹ ẹsẹ̀ ńlá, ẹ dín ẹsẹ̀ kù sí ìwọ̀n míì tí àwọn tó ṣe mọ́tò fọwọ́ sí. Ẹ má dín ọjọ́ orí àti agbára táyà kù.

16/ Tẹ́ ẹ bá ń lọ sọ́jà:
– ọjọ́ orí kọ́kọ́, ojú táyà lẹ́yìn;
– ẹrù àti lẹ́tà ò gbọdọ̀ kéré sí ohun tí ìwé mọ́tò sọ;
– Treadwear: nọ́ńbà kékeré, rọ́bà rọ̀, ó di ilẹ̀ mú, àmọ́ ó tètè jẹ;
– bí ojú ẹ̀ bá ti ku mìlímítà 3, ẹ ti máa tu owó jọ. 1.6 ni òpin;
– òwúrọ̀, kí mọ́tò tó rìn, ni kẹ́ ẹ wọn atẹ́gùn. Iye ẹ̀ wà lára òpó ilẹ̀kùn dírẹ́bà. Ẹ má jẹ́ kí fọ́kánáísà fojú wọ̀n ọ́n.

17/ Lálẹ́ òní, kẹ́ ẹ tó sùn, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí ẹ̀gbẹ́ táyà yín, kẹ́ ẹ wá nọ́ńbà mẹ́rin yẹn. Ẹ kọ ọdún tẹ́ ẹ bá rí sábẹ́ ibí. Ẹni tí tiẹ̀ bá ti lé lọ́dún mẹ́wàá, kó jọ̀ọ́, kó má gba màrosẹ̀ lọ́la.