Orúkọ Pé, Ohùn Ò Pé

Ìbejì ni wá, nítorí náà ẹ má bínú bí a bá ń sọ "àwa" jálẹ̀ ìtàn yìí. Ibì kan ṣoṣo lọ̀rọ̀ wa ti yà sọ́tọ̀, a ó sì débẹ̀.

Ọdún 2014 la ṣe wẹ́bsáìtì kékeré kan fún Ìyá Àgbà, ìyá tó bí ìyá wa, ní Ìsẹ́yìn. Kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Ojú ewé mẹ́rin péré ni, àwòrán wọn kan nínú aṣọ àdìrẹ, àti ohùn wọn tí Ìdòwú fi fóònù gbà sílẹ̀, fáìlì mẹ́tàlélógójì, gbogbo rẹ̀ ẹkún ìyàwó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà sí ìlú ńlá lè máà tíì gbọ́ ọ rí. Lágbègbè Ọ̀yọ́, ọmọbìnrin tó bá ń lọ sílé ọkọ a máa sun ẹkún yìí lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀. Á dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá, á ki bàbá, á tọrọ àdúrà, á sì dágbére fáwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ewì alohùn ni, ṣùgbọ́n ẹkún gidi a máa dà pọ̀ mọ́ ọn. Ìyá Àgbà mọ̀ ọ́n débi pé wọ́n máa ń ránṣẹ́ pè wọ́n láti wá kọ́ àwọn ọmọge.

Wọ́n papò dà ní oṣù kejì ọdún 2016. Lóṣù kẹfà ọdún yẹn kan náà, náírà já. Dọ́là tí báńkì ń ṣírò ní nǹkan bí 197 náírà fò kọjá 280 láàárín ọjọ́ kan. Dọ́là sì ni ilé-iṣẹ́ tó ń gba wẹ́bsáìtì wa lálejò l'Amẹ́ríkà ń gbà. Owó tó di ìlọ́po lọ́wọ́ wa kọ́ ni wàhálà, káàdì báńkì wa ni ò gbà láti sanwó òkèèrè mọ́. Wọ́n kọ̀wé sí wa: ọjọ́ márùn-ún sí i, gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ á di píparẹ́. A yáa wá ilé-iṣẹ́ mìíràn l'Ékòó tó ń gba náírà. Ó wá ku kí á kó ẹrù.

Ẹrù ọ̀hún ò sì ní ẹ̀dà níbòmíràn. Wọ́n ti já fóònù tí Ìdòwú fi gba ohùn náà gbà nínú dánfó, láptọ́ọ̀pù tí a fi ṣe wẹ́bsáìtì náà sì ti kú tipẹ́.

Àwọn tó ń pe Ìdòwú ní èṣù lẹ́yìn ìbejì ò jẹ̀bi. Òun ni àbúrò, òun ló ń pàṣẹ. Ó gbé láptọ́ọ̀pù ibi iṣẹ́ rẹ̀ wálé, Windows 7 ló wà lórí ẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì lè gbé ètò tuntun sí i láìjẹ́ pé ọ̀gá wọn bá a tẹ password. A ní báwo la ṣe fẹ́ ṣe é? Ó ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀ jàre. Ohun tá a máa lò ti wà nínú ẹ̀."

Ó ṣí fódà lásán, irú èyí tẹ́ ẹ máa ń ṣí láti wo àwòrán. Lókè, níbi tí fódà ti ń sọ ibi tẹ́ ẹ wà, ó pa ohun tó wà níbẹ̀ rẹ́, ó tẹ ftp://, ó kọ àdírẹ́sì wẹ́bsáìtì wa tẹ̀ lé e, ó tẹ Enter. Àpótí kékeré kan yọ, ó béèrè orúkọ àti password. A tẹ̀ ẹ́. Ó pẹ́ díẹ̀, bí ẹni pé ó ń ronú. Ká tó mọ̀, inú server l'Amẹ́ríkà ti ṣí sílẹ̀ níwájú wa bíi fódà tó wà lórí láptọ́ọ̀pù. Ìwé ẹ̀, àwòrán ẹ̀, ohùn Ìyá Àgbà. Ohun tá à ń fà láti fódà kan sínú èkejì, òkun ló ń là kọjá.

FTP yìí ti dàgbà ju àwọn òbí wa lọ nílé ọkọ. Abhay Bhushan ló kọ́kọ́ kọ ìlànà rẹ̀ sílẹ̀ ní MIT lóṣù kẹrin ọdún 1971, nígbà tí ohun tó ń jẹ́ wẹ́bsáìtì ò tíì sí láyé. Àléébù rẹ̀ ni pé ìhòòhò ló ń rìn: orúkọ yín àti password yín ń lọ lójú ọ̀nà láìfi nǹkan kan bora. Ìdí nìyẹn tí Ìdòwú fi ní a ò ní ṣe é ní káfè. Chrome àti Firefox ti lé e kúrò nílé wọn ní 2021.

A dúró de dátà òru, torí pé òun ló pọ̀ tówó ẹ̀ ò wọ́n. Láago méjìlá kọjá díẹ̀, a fi fóònù ṣe hotspot, a sàmì sí gbogbo ẹ̀, a ṣe ẹ̀dà, a lẹ̀ ẹ́ mọ́ fódà tiwa. Ìlà aláwọ̀ ewé bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bí ìgbín. A jókòó tì í. Ọ̀kan nínú wa sùn.

Ní nǹkan bí aago méjì, nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ. Àpótí kan yọ, ó ní àṣìṣe wà, iṣẹ́ sì dúró. Nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì padà dé, a tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Ó wá ń bi wá: fáìlì tó ń jẹ́ báyìí ti wà níbí, ṣé kí n fi èyí rọ́pò rẹ̀? Dátà tó kù ò tó nǹkan. Kí la fẹ́ tún fi gba ohun tá a ti gbà? A tẹ "No". Ó bi wá nípa èkejì, a tẹ "No". Ẹ̀ẹ̀mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n la tẹ "No", kó tó wá bọ́ sí orí èyí tí a ò tíì ní.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, a ka orúkọ fáìlì lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́tàlélógójì. Ìdòwú lọ ra búrẹ́dì àti àkàrà, a jẹun bí ẹni tó ṣẹ́gun.

Kíkó o lọ sí server tuntun l'Ékòó gbà wá lọ́sẹ̀ kan gbáko, torí orúkọ. Lójú Windows, Ekun.html àti ekun.html ò yàtọ̀ síra. Lójú server tó ń lo Linux, èèyàn méjì ni wọ́n, ọ̀kan ò sì mọ èkejì. Èyí tó ka Yorùbá nínú wa sì ti fi àmì ohùn sórí orúkọ gbogbo fáìlì, tìgbéraga-tìgbéraga. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀hún, ọ àti ẹ ti di wótòwótò tí babaláwo ò lè kà. A sọ wọ́n ní ekun_01 títí dé ekun_43. Ó dùn wá, ṣùgbọ́n ó ṣiṣẹ́.

Lọ́jọ́ tó parí, a jókòó sílẹ̀ nílé ìyá wa láti gbọ́ gbogbo ẹ̀ tán. Ibi tó dé ìkẹtàdínlọ́gbọ̀n ni.

Ìyẹn kì í tilẹ̀ ṣe ewì. Ìdòwú ló bi wọ́n léèrè bóyá àwọn náà sunkún lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ sílé ọkọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n wúkọ́, wọ́n ní àwọn sunkún dáadáa, kò sẹ́ni tí ò gbọ́ ọ ládùúgbò. Wọ́n ní, "Ìgbà tó wá kan bàbá mi…" Ó dákẹ́. Ìṣẹ́jú méjì àti ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rìnlá. Ohun tí a rántí lé ní ìṣẹ́jú mẹ́fà.

A padà sórí láptọ́ọ̀pù, a ní kí fódà kọ ìwọ̀n fáìlì síwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan. Àwọn yòókù ń jẹ́ mẹ́gábáìtì márùn-ún, mẹ́fà. Òun nìkan ló jẹ́ méjì. Nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ lóru ọjọ́ yẹn, ẹnu ẹ̀ ló ti já. Nígbà tí wọ́n sì bi wá bóyá kí wọ́n fi odindi rọ́pò rẹ̀, àwa la ní rárá. A kọ̀wé s'Amẹ́ríkà. Wọ́n dá wa lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé kò sóhun tó kù.

A ti gbọ́ odindi ẹ̀ rí o, lójúkojú, nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn. Ibí ni ọ̀rọ̀ wa ti yà. Táyé ní Ìyá Àgbà sọ pé nígbà tó kan bàbá àwọn, ó wọ ilé òfì lọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í hunṣọ kíkankíkan, kí ariwo òfì lè bo ẹkún ọmọ ẹ̀ mọ́lẹ̀. Kẹ́hìndé ní rárá: ó hunṣọ títí di ìgbà yẹn ni, ó wá dáwọ́ dúró, gbogbo òfì agbo ilé sì dákẹ́ kí wọ́n lè gbọ́ ọ. Ọdún yìí ni a ṣì ń jiyàn lórí ẹ̀ níbi ọdún Iléyá. Ìdòwú tó di fóònù mú ní bátìrì lòun ń wò.

A bi ìyá wa. Wọ́n ní ìyá àwọn ò sọ ìyẹn fáwọn rí.