Ẹ̀rí Mi Láti Òkè Chisos



Lẹ́yìn ikú ọkọ mi ni àdúrà gbẹ lẹ́nu mi. Mò ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Houston, mò ń ṣe àmín, mò ń jó dé iwájú pẹpẹ, ṣùgbọ́n inú ń bí mi sí Ọlọ́run. N kò sọ fún ẹnì kankan.

Àbúrò mi ọkùnrin ló wakọ̀ gbé mi lọ sí Big Bend, ilẹ̀ tí ìjọba Amẹ́ríkà ti ń dáàbò bò láti 1944, níbi tí Texas ti bá Mẹ́ksíkò pààlà. Ibẹ̀ mà jìnnà o! Ilẹ̀ mọ́ bá wa lójú títì, ó sì ṣú kí a tó dé. Aṣálẹ̀ ló yí wa ká: òkúta, ewéko ẹlẹ́gùn-ún, oòrùn tí kì í ṣàánú. Láàárín rẹ̀ ni òkè Chisos dúró sí, tí ṣóńṣó rẹ̀ ga ju mítà 2,300 lọ, tí atẹ́gùn tútù ń fẹ́, tí igi páìnì àti óákù sì ń hù.

Mo rí i pé inú àpótí irin ni àwọn àlejò ń ti oúnjẹ wọn mọ́. Mo bèèrè ìdí rẹ̀. Òṣìṣẹ́ kan ní nítorí béárì ni. Ó ní àwọn ọdẹ àti darandaran ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n tán lórí òkè náà kí ìjọba tó gba ilẹ̀ ọ̀hún. Kò sí ẹni tó kó òmíràn wá. Lẹ́yìn bí ogójì ọdún, àwọn béárì láti òkè Sierra del Carmen ní Mẹ́ksíkò fẹsẹ̀ ara wọn la aṣálẹ̀ já, wọ́n sọdá odò Rio Grande. Ní 1988, àlejò kan ya fọ́tò abo béárì àti àwọn ọmọ rẹ̀ lórí òkè Chisos.

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi lọ́kàn. Ibi tí wọ́n ti pa ìran rẹ̀ run ló wá bímọ sí!

Gbogbo ènìyàn ló ń yin ìràwọ̀ Big Bend, ó sì pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n béárì ni Olúwa fi bá mi sọ̀rọ̀. Mo jókòó sórí àpáta, mo kígbe: “Olúwa, kí ló dé tí O mú un lọ?” Mo sunkún títí ohùn mi fi há.

Inú ṣì ń bí mi nígbà míì. Ṣùgbọ́n Òun gan-an ni mò ń sọ ọ́ fún báyìí. Mo pe ìyá mi ní Ìjẹ̀bú, mo jẹ́wọ́ fún wọn. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, “Ọmọ mi, èmi náà bá A jà nígbà tí bàbá yín lọ.”