Náírà Ni àbí Sẹ́fà?

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán tí Ìyá Ìbejì fi kan ilẹ̀kùn mi. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, orúnkún ń dà á láàmú, kò sì rí òkun rí láyé rẹ̀. Ìlaròó ni wọ́n bí i sí, ọjà Ayétòrò ló ń ná láti ìgbà ọmọge, odò Yewa sì ni omi tó mọ̀. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tó ti ń sọ fún mi pé, "Omi tí gbogbo omi ń lọ bá yẹn, mo fẹ́ fojú kàn án." Mo wá ní Kútọnu ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ la máa lọ, kí a lè yà ní Àjàṣẹ́, níbi tí ìyá tó bí ìyá rẹ̀ ti wá.

N kò wá ọkọ̀ tí yóò gbé wa dé Kútọnu tààrà. Ọkọ̀ tó bá fẹ́ sọdá bóódà ní ìwé tirẹ̀ tí yóò ṣe, gbogbo èrò inú rẹ̀ ni yóò sì jókòó dè é. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ rìn kọjá, ìwé ara rẹ̀ nìkan ló máa fi hàn. Nítorí náà, ní gáráàjì Ìlaròó, ọkọ̀ Ìdí-Ìrókò la wọ̀. Èrò méjì níwájú, mẹ́rin lẹ́yìn, bí wọ́n ṣe ń kó o nìyẹn. Mo san owó èèyàn méjèèjì tó yẹ kó jókòó níwájú kí Ìyá Ìbejì lè na ẹsẹ̀ rẹ̀, èmi wọ ẹ̀yìn. Bí ẹ bá ń gbé àgbàlagbà rìn, ẹ má ṣe ṣahun níbi owó yẹn.

Awakọ̀ wa kọ́kọ́ yà sí ilé epo, ó ra epo kún táǹkì. Ìyá Ìbejì bi í pé ṣé kò sí epo níwájú ni. Ó ní, "Màmá, ẹni tó bá mọ ọ̀nà yìí kì í fi epo díẹ̀ kúrò nílé." Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019 ni àṣẹ jáde pé kí wọ́n má gbé epo lọ sí àwọn ilé epo tó wà láàárín kìlómítà 20 sí bóódà; ìgbà náà ni àwọn awakọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọdún 2019 yẹn kan náà, nínú oṣù kẹjọ, ni wọ́n ti bóódà pa, Ìdí-Ìrókò kò sì ṣí padà fún ọjà títí di oṣù kẹrin ọdún 2022. A gba Owódé kọjá, a gba Ajílété, ibi àyẹ̀wò sì pọ̀ lọ́nà tó fi jẹ́ pé mo dáwọ́ kíkà wọn dúró.

Àdéhùn ECOWAS ti ọdún 1979 fún ọmọ Nàìjíríà láṣẹ láti wọ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ láìgba físà, kó sì lo 90 ọjọ́ níbẹ̀. Ẹ ṣáà mú ìwé ìrìnnà yín dání, àti káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ní Ìdí-Ìrókò, wọ́n tẹ òǹtẹ̀ sí ìwé wa, a rọra rìn kọjá, a bọ́ sí Igolo ní òdìkejì.

Ibẹ̀ ni ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an ti ṣẹlẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin awakọ̀ kan sáré bọ̀, ó dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá Ìbejì, ó ní, "Màmá, ẹ kú àbọ̀ o, ẹ kú ewu ọ̀nà." Yorùbá tó sọ kò yàtọ̀ sí tiwa. Ọmọ Ṣakẹ́tẹ́ ni. Ní ọdún 1889 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jókòó sí ìlú wọn lọ́hùn-ún tí wọ́n fa ìlà tó pín wa sí méjì, ṣùgbọ́n ìlà yẹn kò dé orí ahọ́n. Mo ní mo fẹ́ ṣáátà ọkọ̀ rẹ̀ dé etí òkun ní Kútọnu, a óò sì dúró díẹ̀ ní Àjàṣẹ́. Ó ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo ní ó dáa. A wọlé.

A dé Àjàṣẹ́. Nítòsí ọjà ni mọ́ṣáláṣí ńlá àtijọ́ wà, èyí tí àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé kọ́ bí ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n fi òdòdó àti ọwọ̀n aláràbarà ṣe ojú rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́. Ìyá Ìbejì dúró níwájú rẹ̀ pẹ́ títí. Lẹ́yìn náà a wá agboolé tí wọ́n júwe fún un, a rí ìyàwó ilé kan tó mọ orúkọ ìdílé náà, ọ̀rọ̀ wá di ẹkún àti ẹ̀rín. Ó lé ní wákàtí méjì kí a tó jáde. Awakọ̀ náà jókòó sínú ọkọ̀ rẹ̀, kò ráhùn.

Nígbà tí a dé Kútọnu tí mo ka ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náírà fún un, ó wo owó náà, ó wo ojú mi. "Bùọ̀dá, sẹ́fà ni mo wí." Iye yẹn ní sẹ́fà, owó ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ju ìlọ́po méjì ohun tí mo kà lọ. Ohùn mi ròkè. Tirẹ̀ náà ròkè. Àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í yíjú sí wa.

Ìyá Ìbejì ló dá sí i. Ó ní, "Ìwọ, ilẹ̀ ta lo wà nígbà tí o béèrè iye? Owó wo ni wọ́n ń ná níbẹ̀?" N kò rí nǹkan sọ. Ó kọjú sí ọmọ náà, ó ní, "Ìwọ náà, o gbọ́ ohùn wa, o mọ̀ pé a ti òdìkejì wá. Kí ló dé tí o kò pe orúkọ owó?" Ọmọ náà tẹrí ba. Ó yọ ẹgbẹ̀rún mẹ́ta kúrò, mo san ẹgbẹ̀rún méjìlá sẹ́fà, mo sì fi nǹkan díẹ̀ kún un nítorí wákàtí méjì tó fi dúró dè wá. Kò purọ́ fún mi. Èdè kan náà tí à ń sọ ló jẹ́ kí n rò pé owó kan náà là ń ná.

Ní Kútọnu, alùpùpù ló pọ̀ jù. Sẹ́mìjáànù ni wọ́n ń pè wọ́n, èdè Fọ̀n ni: gbé mi kíákíá. Ẹ̀wù aláwọ̀ yẹ́lò ló wà lọ́rùn àwọn tó ń gùn wọ́n, pẹ̀lú nọ́ńbà. Ìyá Ìbejì kò lè gùn ún, nítorí náà nígbà tí a fẹ́ lọ sílé tí a máa sùn, mo lo Gozem, ohun èlò orí fóònù tí a fi ń pe ọkọ̀, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní Togo lọ́dún 2018. Iye owó wà lójú fóònù kí ọkọ̀ tó dé, sẹ́fà ni wọ́n kọ sí i, kò sì sí àríyànjiyàn.

Ṣùgbọ́n òkun la kọ́kọ́ rí. Ìyá Ìbejì bọ́ bàtà, ó di apá mi mú, ó rọra rìn lórí yanrìn títí omi fi kàn án lọ́mọ ìka ẹsẹ̀. Ó ta gìrì. Ó dúró. Ìgbì kejì bò ó dé ọrùn ẹsẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó bu omi díẹ̀, ó fi kan iwájú orí. "Olókun, mo kí ọ o," ó wí, kò sì sọ̀rọ̀ mìíràn fún ìgbà pípẹ́.

Ọjọ́ kejì, bí a ṣe ń padà, a wọ ọkọ̀ èrò láti Kútọnu sí Àjàṣẹ́, láti Àjàṣẹ́ sí Igolo. Ní gbogbo ibi tí a ti wọkọ̀, ìbéèrè mẹ́ta ni mo ń bi awakọ̀ kí ẹsẹ̀ mi tó wọlé: náírà ni àbí sẹ́fà, èèyàn kan ni àbí gbogbo wa, ibo lẹ máa já wa sí? Kò sí ẹni tó bínú sí i.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ awakọ̀ ní Ìdí-Ìrókò àti ní Igolo, mo bẹ̀ yín, ẹ kọ owó ọkọ̀ sára pátákó ní gáráàjì méjèèjì, ní náírà àti ní sẹ́fà, kí ẹ sì kọ ọ́ ní Yorùbá pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ ìyá àgbà ṣì wà ní Yewa tí kò tíì rí òkun.