Pákó Ilẹ̀ Ilé Tí A Fẹ́ Tà

Ẹ̀yin ará mi, àwa tí a dàgbà ní Ìjàre ti mọ pákó ilẹ̀ ilé kí àwọn tó ń polówó rẹ̀ ní Àkúrẹ́ lónìí tó dé. Àwọn bàbá wa tó rí owó kòkó kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ilẹ̀ òkè rẹ̀ kì í ṣe sìmẹ́ǹtì, pákó ìrókò ni, wọ́n tẹ́ ẹ lórí igi ńlá. Bí ọmọdé bá ń sáré lókè, ẹni tó wà nísàlẹ̀ mọ ibi tó dé. Nígbà tó yá, a pè é ní ilé àtijọ́, gbogbo wa sá tẹ̀ lé tẹ̀rásò àti táìsì. Ó ti tún padà di ọ̀ṣọ́ báyìí. Láti ìgbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ ní 1976, tí Àkúrẹ́ di olú-ìlú, ilé títà ti di òwò ńlá níbẹ̀, ẹni tó sì fẹ́ tà ń wá ohun tí yóò fa ojú olùrà.

Ìdílé akẹ́kọ̀ọ́ mi kan bi mí léèrè lórí ọ̀rọ̀ yìí. Bàbá wọn kú, ó fi ilé sílẹ̀ ní Àkúrẹ́, wọ́n fẹ́ tà á kí wọ́n pín ogún. Àkọ́bí ní kí wọ́n tẹ́ pákó sí pálọ̀. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ní, "Owó ta ni?" Lójú tèmi, ìbéèrè yẹn ló ṣáájú. Opó ní ìdá kan nínú 8, àwọn ọmọ kékeré ní tiwọn. Ẹni tó bá ná owó ogún láìgba àṣẹ, owó wọn ló ń ná. Mo ní kí wọ́n jókòó, kí ìyá wọn wà níbẹ̀, kí wọ́n kọ iye náà sílẹ̀ níwájú ẹlẹ́rìí.

Mo tẹ̀ lé wọn lọ wo ilé náà. Omi ń gun ògiri ẹ̀yìn pálọ̀ láti ìsàlẹ̀, ọ̀dà ti ń ṣí. Káfíńtà ní kò sí wàhálà, òun ní pákó òkè òkun tó ń dán. Mo wo etí rẹ̀: lẹ́búlẹ́bú igi tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀ ni, àwòrán igi ló wà lójú rẹ̀. Bí omi bá wọ̀ ọ́, yóò wú bíi búrẹ́dì inú tíì, kò sì ní padà sí bó ṣe wà. Igi gidi pàápàá ń wú lásìkò òjò, ó sì ń súnkì lásìkò ọyẹ́. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ létí ògiri. Ìrókò, apá àti tíìkì dára fún ilẹ̀. Arère rọ̀ jù, ikán sì fẹ́ràn rẹ̀.

Àkọ́bí ní pákó yóò bo ọ̀rinrin náà. Ohun tó bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn. Ẹ rántí òkìtì oúnjẹ tí Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ti ọwọ́ bọ̀ lọ́jà: òkè gbẹ, inú tutù, ó sì bi ẹni tó ń tà á léèrè ìdí tí kò fi jẹ́ kí èyí tó tutù wà lókè, níbi tí ojú ti lè rí i. Àwọn ọ̀dọ́ kan á ní ti oúnjẹ nìyẹn. Ilé ńkọ́, tí ènìyàn fi owó ìgbésí ayé rẹ̀ rà?

Wọ́n gbẹ́ gọ́tà sẹ́yìn ilé, wọ́n dúró títí ọyẹ́ fi dé. Ilé ìlagi ni wọ́n ti ra apá, káfíńtà sì kó o sínú pálọ̀ fún ọ̀sẹ̀ 2 kó tó kàn án. Olùrà fẹ́ràn rẹ̀, ó wá béèrè ohun tí gọ́tà tuntun wà fún. Ìyá wọn sọ fún un. Ó yọ owó díẹ̀ kúrò, ó san ìyókù lọ́jọ́ kejì. Inú àkọ́bí kò dùn sí èyí tí wọ́n yọ. Àbúrò rẹ̀ ń ka ìpín tirẹ̀.